Nọ́ńbà Márùndínláàádọ́ta Lára Àwo Orin Japan

Ní ọjọ́ Sátidé kejì nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá, ní agogo mọ́kànlá àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyá mi pè mí sí pálọ̀ ilé wa ní Ìsọlọ̀ pé kí n wá wo ohun tí òun rí. Òjò ń fọ́n díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi ti jí lọ sí Bọ́ládé, ní Òṣòdì, ó sì ti ra kíbọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ kan fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Nínú àpò aṣọ tí kíbọ́ọ̀dù náà wà, níbi tí wọ́n ń ká wáyà sí, ni ó ti bá àwo orin dúdú kékeré kan pàdé, irú èyí tí à ń fi giramafóònù gbọ́ láyé àtijọ́. Mo kọ ọjọ́, wákàtí àti ojú ọjọ́ sínú ìwé mi, nítorí ó ti mọ́ mi lára láti kọ bí a ṣe rí nǹkan kí n tó sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́. Gbogbo èyí tí mo kọ títí dé ibẹ̀ tọ̀nà. Èyí tí mo kọ lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ ròyìn.

Inú àpò pépà ni àwo náà wà. Wọ́n ya ọmọdébìnrin kan sí iwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ tóbi ju ojú ènìyàn lọ, ó fi ríbọ́ọ̀nù pupa di irun, ó sì dúró lé èjìká ọkùnrin onírin gàgàrà kan láàárín ìràwọ̀. Lẹ́yìn àpò náà, ẹnì kan ti fi bírò aláwọ̀ búlúù kọ ìlà mẹ́ta ní èdè àwọn ará Japan.

Ìyá mi ní, "Áńgẹ́lì nìyí."

Ọmọ mi obìnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà náà, pariwo ẹ̀rín. "Gránmà, áńgẹ́lì kọ́ o! Kàtúùnù ni. Ánímè ni wọ́n ń pè é. Orin tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ló máa wà nínú ẹ̀."

"Ìwọ ti gbọ́ ọ rí?"

"Rárá, mà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ẹ̀ náà."

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí àwo orin fi lè ká ìyá mi lára tó bẹ́ẹ̀. Tíṣà ni kí ó tó fẹ̀yìntì, Èkìtì ni a ti wá, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí ó ti ń darí akọrin ìjọ wa. Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ó ti sọ fún àlùfáà pé níbi ìkórè oṣù Kọkànlá ni òun yóò gbé ọ̀pá ìdarí orin sílẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi ìkórè ọdún tó ṣáájú, oorun ti kun àwọn ènìyàn nígbà tí akọrin ń kọrin, ìyá mi sì gbọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn tó ń júwe ìjókòó sọ pé ìyá yìí àti orin rẹ̀, ó sàn ju oògùn oorun lọ. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn wí fún mi nílé pé, "Lọ́jọ́ tí mo bá máa gbé ọ̀pá yẹn sílẹ̀, n kò fẹ́ kí ojú ẹnikẹ́ni pa dé. Kódà, ojú ẹyọ kan." Ó ń wá orin tí ìjọ kankan kò tíì kọ, láti Ìsọlọ̀ títí dé Èjìgbò.

A gbé giramafóònù bàbá mi tó ti dolóògbé jáde. Ihò àárín àwo náà fẹ̀ ju ti àwọn àwo bàbá mi lọ, nítorí náà mo gé róbà rìbìtì láti ara sílípáàsì àtijọ́ kan, mo sì fi dí i. Kọ́kọ́rọ́ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ giramafóònù náà tí ìpẹtà ti mú, tí kò ṣeé yí. N kò tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé abẹ́rẹ́ lé àwo.

Ohùn tí ó jáde wúwo, ó fà, ó dà bíi ti bàbá àgbàlagbà kan tí ó ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù lórí. Fèrè ń ké lẹ́yìn rẹ̀ bíi màlúù tí ó ń sunkún. Ìyá mi di ojú. Nígbà tí ó la ojú, ó ní kí ọmọ mi bá òun mú ìwé àti pẹ́ńsù wá.

Dò-rè-mì ni àwọn akọrin ìjọ bíi tiwa fi ń ka orin. Lẹ́tà ni à ń kọ, a kì í ya ìlà àti kóró bíi ti ìwé orin òyìnbó. Lókè ìwé, ní ọwọ́ òsì, ẹni tí ó kọ ọ́ yóò sọ ibi tí dò wà lórí kíbọ́ọ̀dù àti bí a ó ṣe kọ orin náà, kíá tàbí pẹ̀lẹ́. Ìyá mi gbọ́ àwo náà lẹ́ẹ̀mọ́kànlá ní ọjọ́ yẹn (mo kà á), ó sì kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lókè ní ọwọ́ òsì, ó kọ pé: "Dò jẹ́ D. Jẹ́jẹ́, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀."

Èmi náà kọ tèmi. Mo kọ ọ́ pé àgbà ọkùnrin ni ó kọrin náà, pé bí orin náà ṣe ń rìn fi hàn pé orin ìsìn ni tàbí orin ìdágbére fún òkú. Pépà rìbìtì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín àwo náà kún fún ọ̀rọ̀ tí n kò lè kà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan wà láàárín wọn tí mo lè kà dáadáa: 45. Mo fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀ nínú ìwé mi. Mo kọ ọ́ pé orin karùndínláàádọ́ta ni nínú ìwé orin ìjọ àwọn tí ó ṣe àwo náà.

Ọmọ mi ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí n fi fóònù mi ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára àpò ẹ̀ fún yín. Ìṣẹ́jú kan ni."

"Àpò náà kì í ṣe ti àwo yìí," mo dáhùn. "Ọmọbìnrin ni wọ́n yà sára àpò, àgbà ọkùnrin ló ń kọrin. Ẹnì kan ló ṣì wọ́n mú. Bàbá mi ní tó àwo mẹ́wàá tí ó wà nínú àpò àwo mìíràn."

"Ta wá ni yóò mú orin òkú, tí yóò fi sínú àpò kàtúùnù?"

"Ẹni tí kò fara balẹ̀ ni."

Ó wo Gránmà rẹ̀. Gránmà rẹ̀ ní, "Bàbá ẹ ti kàwé, fi sílẹ̀."

Ìyá mi wá ọ̀rọ̀ Yorùbá sí orin náà fúnra rẹ̀. Ó fi ọ̀sẹ̀ méjì wá a, nítorí kò gbà kí ọ̀rọ̀ kankan gòkè níbi tí ohùn orin bá ti ń sọ̀kalẹ̀. Báyìí ni ègbè rẹ̀ ṣe lọ: "Jẹ́jẹ́ la ó rìn, jẹ́jẹ́ la ó dé; ẹ má kánjú, ará, ilé kò jìnnà mọ́." Akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọn kò ṣì í, ó sì wúwo bíi tábìlì onírin. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, oorun gbé ọ̀kan nínú àwọn tí ń kọ báàsì lọ lórí ìdúró. Orí kíbọ́ọ̀dù ni ó ṣubú lé. Kíbọ́ọ̀dù náà ké, òun náà ké, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyá mi kò rẹ́rìn-ín.

Bí a ṣe ń lọ sílé, ó ní, "Ọ̀mọ̀wé." Bí ó bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ń bọ̀. "Ṣé ó dá ẹ lójú pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí?"

"Ó dá mi lójú, mà. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lára rẹ̀."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó ṣáájú ìkórè, ní ọ̀sán, ìyá mi fẹ́ gbọ́ ìlà kan nínú ègbè tí kò dá a lójú. Bẹ́líìtì inú giramafóònù já. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé e wọ kẹ̀kẹ́ márúwá, ó di Bọ́ládé, lọ́dọ̀ bàbá kan tí ó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe lẹ́bàá títì. Ara Ọ̀yọ́ ni bàbá náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ ìyá mi, ó sì ń sọ̀rọ̀ sí àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ bí ẹni ń bá ọmọ wí. Ó wá bẹ́líìtì mìíràn sí i. Lẹ́yìn náà ni ó rí kọ́kọ́rọ́ tí ìpẹtà ti mú. Ó da epo sí i, ó fi ẹ̀mú dì í mú, ó yí i, ó dún gbà! Ó gba àwo lọ́wọ́ ọmọ mi, ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Márùndínláàádọ́ta. Ó dáa."

Inú mi dùn. "Bàbá, ẹ mọ orin náà ni?"

"Orin wo?"

"Orin karùndínláàádọ́ta."

Bàbá náà yọ awò ojú rẹ̀ láti wò mí dáadáa. "Iye ìgbà tó máa yí láàárín ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Àwo ńlá, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Kékeré bí eléyìí, márùndínláàádọ́ta. Ẹ̀yin, kí lẹ rò pé ó jẹ́? Nọ́ńbà ilé?"

Ọmọ mi yíjú sí títì. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Bàbá yí kọ́kọ́rọ́ náà kúrò níbi ti àwo ńlá tí ó ti há sí, ó yí i sí ti àwo kékeré, ó sì gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Fèrè tú jáde bí ẹni pé wọ́n ti ń lé e bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ìlù sáré tẹ̀lé e, ohùn ọmọbìnrin kan sì bẹ́ jáde, ó mọ́ gaara, ó yá kánkán, ó ń fò láti orí ọ̀rọ̀ kan sí òmíràn. Obìnrin kan tí ó gbé àtẹ ìbọ̀sẹ̀ lórí dúró, ó mi ìdí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àtẹ rẹ̀ kò sì mì. Ẹnì kan ké láti òdìkejì pé, "Bàbá, ẹ gbé e sókè!" Bàbá gbé e sókè.

Ìyá mi jókòó lórí àpótí rédíò kan, ó di ikùn mú. Ẹ̀rín kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó rí ohùn, ó ní, "Ọ̀mọ̀wé! Bàbá arúgbó tó ń gun òkè dà?"

"Ẹ bi í, Gránmà," ni ọmọ mi wí. "Orin òkú rèé o! Òkú náà ti jí!"

Mo sọ ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù: ọjọ́ méjì ló kù, àwọn akọrin tí ó lé ní ogún ti kọ́ orin náà ní ìkọ́kúkọ́, ẹ̀bi mi sì ni. Ìyá mi nu ojú. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó fa ìwé dò-rè-mì rẹ̀ yọ, ó sì fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan bí àwo ṣe ń kọrin. Dò ṣì ni dò, mì ṣì ni mì. Kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tí ó yẹ kí ó yí padà. Ó gba bírò lọ́wọ́ bàbá náà, ó fa ìlà gba orí ohun tí ó kọ lókè ní ọwọ́ òsì kọjá, ó sì kọ tuntun: "Dò jẹ́ G. Kíá!" Mo wò ó nílé lẹ́yìn náà: bí àwo bá kúrò ní mẹ́tàlélọ́gbọ̀n dé márùndínláàádọ́ta, ohùn rẹ̀ yóò gòkè bí ẹni gbéra láti dò dé fà. Láti D dé G nìyẹn gan-an. Etí rẹ̀ ti sọ fún un lórí àpótí rédíò.

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ńkọ́, mà? 'Ẹ má kánjú' la kọ síbẹ̀."

"Kò sóhun tó ṣe é. Kíákíá ni wọn ó máa sọ ọ́."

Bí ó ṣe rí nìyẹn ní Sátidé, níbi ìdánrawò. Ẹni tí ó sùn lórí kíbọ́ọ̀dù kò lè mí dáadáa mọ́, ó ń kígbe pé, "Mà, ẹ ní ká má kánjú!" Ìyá mi ń dá a lóhùn pé, "Tètè sọ ọ́!"

Ní ọjọ́ ìkórè, ó wọ ọ̀gbọ̀ funfun, ó gbé ọ̀pá sókè, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tí ń bọ̀. Ní ìlà kejì, àwọn ènìyàn ti dìde. Nígbà tí ègbè dé, àwọn tí ó gbé iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń sáré lọ síwájú pẹpẹ, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sókè pé jẹ́jẹ́ ni àwọn ó rìn. Ọkùnrin tí ó sọ̀rọ̀ oògùn oorun jó títí bàtà rẹ̀ kan fi kúrò lẹ́sẹ̀. Ọmọ mi ni ó bá a wá a lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Àlùfáà ní kí wọ́n tún un kọ. Wọ́n tún un kọ. Ìyá mi wo gbogbo ìjókòó láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó fara balẹ̀ wò wọ́n, kò rí ojú kan tí ó pa dé, ó sì gbé ọ̀pá lé orí kíbọ́ọ̀dù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbà kí ọmọ mi mú fóònù rẹ̀ wá, kí ó fi ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára àpò àti àwo. Àpò àti àwo, ti ara wọn ni wọ́n. Orin ìbẹ̀rẹ̀ kàtúùnù àwọn ọmọdé ni, ọmọbìnrin kan ni ó kọ ọ́, bí ọmọ mi ṣe wí láti àkọ́kọ́. Mo fi bírò pupa fagi lé ohun tí mo kọ, mo sì buwọ́ lù ú níwájú òun àti ìyá mi. Wọ́n ní dandan ni. Ṣùgbọ́n fóònù kò lè ka ìlà mẹ́ta tí wọ́n fi ọwọ́ kọ sẹ́yìn àpò. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ so mọ́ ara wọn, omi sì ti kàn án. Ìyá mi fẹ́ mọ ẹni tí ó kọ ọ́, ó ní òun jẹ onítọ̀hún ní ọpẹ́. Mo ti fi àwòrán rẹ̀ han ẹni méjì tí ó gbọ́ èdè náà, ohun tí wọ́n sọ kò sì bára mu. N kò mọ ẹni tí ó ni àwo náà tẹ́lẹ̀, n kò sì mọ ohun tí ìlà mẹ́ta yẹn wí.