Ọjọ́ Tí Bíìnì Ńlá Dé Iwájú Ilé Janet

Ẹ̀yìnkùlé ni Janet wà, tí ó ń bẹ ẹ̀gẹ́ tí ó fẹ́ fi ṣe gàrí, nígbà tí ó gbọ́ tí ọkọ̀ ńlá kan ń kùn bọ̀ lójú ọ̀nà ilé wọn ní Ìpótì. Ó rò pé àwọn tó ń ra kòkó ni, kò sì dìde. Ṣùgbọ́n nígbà tí irin bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbàǹgàn gbàǹgàn, tí àwọn adìyẹ fò wá sẹ́yìn ilé, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó sì jáde síta.

Ọkọ̀ náà ní apá irin lẹ́yìn. Ó ń fi ṣéènì rọra sọ àpótí irin gbàràmù kan kalẹ̀ síwájú ilé, níbi tí Janet máa ń sá èlùbọ́ sí. Àbúrò rẹ̀, Adédoyin, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń juwọ́ sí awakọ̀ pé kó sún un sọ́tùn-ún díẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá,” ni awakọ̀ náà wí nígbà tó sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ Ìjerò ni, Gbọ́láhàn lorúkọ rẹ̀. “Bíìnì la ń pe èyí. Gbogbo ìdọ̀tí ilé ni kí ẹ máa dà sínú rẹ̀. Tó bá ti kún, ẹ pè mí, n ó wá gbé e.”

“Ìdọ̀tí ilé ta?” Janet bi í.

“Ilé tiwa ni, àǹtí mi,” ni Adédoyin dáhùn. “Ṣebí mo sọ fún yín pé mo fẹ́ ká palẹ̀ yàrá màámi mọ́.”

Lóòótọ́ ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ àti omi ni Janet rò pé wọn yóò fi palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Kò mọ̀ pé ohun tó lè gbé odidi yàrá mì ni àbúrò òun yóò lọ háyà wá láti Ìjerò. Àyà rẹ̀ já. Ó padà sídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ Janet mọ ilé yẹn. Aramoko ló lọ́kọ sí, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí Ọlátúndé ọmọ wọn ṣì ń rákò, bàbá rẹ̀ sì ní kí ó máa bọ̀ nílé. Láti ìgbà náà, òun ló ń tọ́jú oko kòkó, òun ló ń tún òrùlé ṣe tó bá ń jò, òun ló ń pààrọ̀ ìlẹ̀kùn tí ikán bá jẹ. Nígbà tí bàbá kú, tí Ọlátúndé sì ti kúrò nílé, ó ku òun àti ìyá. Nígbà tí ẹsẹ̀ ìyá kò gbé e mọ́, Janet ló ń gbé e lọ sí balùwẹ̀, òun ló ń gbé e jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí ó lè máa gbọ́ orin ìjọ CAC tó wà lódìkejì, títí ìyá fi kú. Adédoyin ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Adó ní gbogbo àkókò yẹn. Kì í gbàgbé ilé. Ó ń fi oògùn àti aṣọ ránṣẹ́, ó sì ń wá lọ́dún. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá lọ́dún kò gbọ́ bí ilé ṣe ń mí lóru.

Lẹ́yìn Àjíǹde ọdún yìí ni Adédoyin fẹ̀yìn tì, tó kó ẹrù rẹ̀ wálé. Inú Janet dùn. Ó pa adìyẹ. Àmọ́ ní ọjọ́ ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, Mary ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ sí i létí: “Ṣé o gbọ́ ti ọkùnrin kan ní Ìjerò? Àbúrò rẹ̀ fẹ̀yìn tì, ó dé, ó gbálé, ó kùn ún ní ọ̀dà. Gbogbo wa ń kí i pé ó káre. Kò pẹ́ la rí i tí wọ́n kọ ‘Ilé yìí wà fún títà’ sára ògiri.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Janet gbé sọ́kàn. Nígbà tí bíìnì dé, ó ṣe é bíi pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sára ògiri tiwọn.

Lọ́jọ́ kejì, Adédoyin wé gèlè mọ́ orí, ó wọ yàrá ìyá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan jáde. Tìmùtìmù tí òwú ti tú lára rẹ̀, àwo tó lu, sítóòfù tí ìpẹtà ti jẹ, rédíò tí kò ní ikùn, àpò ìdọ̀họ tí eku ti sọ di ilé, àti àga tí ó ku ẹsẹ̀ mẹ́ta. Bó bá ti gbé ọ̀kan jù sínú bíìnì, yóò sọ pé, “Olúwa, ẹ wo bí ìyá ṣe ń to nǹkan jọ!” Yóò sì rẹ́rìn-ín.

Janet kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí àbúrò rẹ̀ fi lọ wẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé àpótí kékeré kan síbi ẹsẹ̀ bíìnì, ó gun orí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan jáde. Sítóòfù yẹn ni ìyá fi ń dín àkàrà fún Ọlátúndé nígbà tó ń lọ sí ilé ìwé. Àga yẹn ni bàbá jókòó lé lórí nígbà tí wọ́n yan án ní alàgbà. Kódà ó fa àwo tó lu yọ. Ó kó gbogbo wọn gba ẹ̀yìn wọ ilé ìdáná, ó fi ẹní bò wọ́n.

Báyìí ni wọ́n ń ṣe é. Adédoyin ń dà á síwájú, Janet ń kó o wọ ẹ̀yìn, wọ́n sì jọ ń jẹun papọ̀ láìsọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, igbe Adédoyin ló jí Janet.

“Àǹtí mi! Ẹ wá wo nǹkan!”

Bíìnì ti kún dẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹrù inú rẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Àwo ṣalángá funfun kan tó ti là sí méjì wà lókè pátápátá. Páànù wà níbẹ̀, àpò ọ̀rá àti igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì irin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nà sójú ọ̀run.

Adédoyin fọwọ́ lé ìbàdí bíi pé kíláàsì rẹ̀ ló ń pariwo. “Ta ló da ìdọ̀tí sínú ohun tí mo háyà?”

Esther, ìyàwó ilé òdìkejì, sáré jáde, ó kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, mà. Àwa ni. A rò pé ìjọba ló gbé e wá. Gbogbo àdúgbò ló ń dúpẹ́ pé ó tó ìgbà wàyí.”

Adédoyin la ẹnu láti bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yẹn mú kó má ṣubú. “Ìjọba! Dìde, ọmọ mi. Ìjọba náà rèé, èmi ni.”

Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó wo inú bíìnì dáadáa. “Ṣùgbọ́n níbo ni sítóòfù tí mo jù síbẹ̀ wà? Àga ńkọ́?”

Esther wo Janet, ó wo ọ̀nà ẹ̀yìn ilé, ó sì wolẹ̀. Adédoyin tẹ̀ lé ojú rẹ̀. Ó gba ẹ̀yìn ilé, ó wọ ilé ìdáná, ó ká ẹní kúrò. Gbogbo yàrá ìyá ló tò síbẹ̀.

“Àǹtí mi, kí lèyí?”

Janet ti ro ohun tí yóò sọ, pé nǹkan wọ̀nyẹn ṣì wúlò, pé a lè tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

“Tí o bá ta ulé yìí, Doyin, níbo ni kí n máa lọ?”

Adédoyin dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Ó jókòó sórí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn, àga náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú, ó sì bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Ta ló ní mo fẹ́ tà á?”

“Ìwọ kọ́ lò ń palẹ̀ yàrá mọ́ bí ẹni tó ń retí àlejò?”

“Èmi ni àlejò náà!” ni Adédoyin wí. “Inú yàrá yẹn ni mo fẹ́ máa sùn. Pálọ̀ ni mò ń sùn láti ìgbà tí mo ti dé, ẹ̀yìn mi ń dùn mí, mi ò fẹ́ sọ fún yín kí ẹ má baà fún mi ní yàrá yín. Ilé Adó ti sú mi. Kò sí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ibi tí ẹ bá wà ni mo fẹ́ wà, kí n máa gbọ́ yín tí ẹ bá ń kọrin láàárọ̀. Èmi ni kò yẹ kí n háyà nǹkan láìbá yín jókòó sọ ọ́ dáadáa. Ẹ má bínú.”

Omi bọ́ lójú Janet, ó fi ìró nù ún. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀ láàárín àwọn àwo tó lu.

“O ò bá ti sọ fún mi pé ẹ̀yìn ń dùn ọ́,” ni Janet wí níkẹyìn.

“Ẹ̀yin náà kò bá ti sọ fún mi pé ẹ̀rù ń bà yín.”

Lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, Janet dìde fúnra rẹ̀. Ó gbé sítóòfù, ó wò ó, ó kọrin díẹ̀ sí i, ó sì lọ gbé e jù. Ó gbé àwo tó lu. Ó gbé àga. Bó ti ń jù wọ́n, ara rẹ̀ ń fúyẹ́, ó di pé kò fẹ́ dúró mọ́. Nígbà tó gbé àpótí onígi tí ìyá ń kó aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ sí, Adédoyin fò mọ́ ọn lọ́wọ́.

“Àǹtí mi, ẹ dákun! Ẹ fi èyí sílẹ̀ fún mi.”

“Ìwọ lo ní ká palẹ̀ mọ́.”

“Mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kí ẹ palẹ̀ èmi mọ́.”

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Àpótí náà wà níbẹ̀ títí dòní.

Nígbà tí Gbọ́láhàn padà wá gbé bíìnì, ṣéènì rẹ̀ ké, ọkọ̀ gbé ẹnu sókè díẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wò ó yí ká. “Ẹ̀yin ìyá, ṣé ilé yín nìkan ló wà nínú èyí, àbí ẹ kó gbogbo Ìpótì sí i?”

“Ìjọba ló gbé e wá,” ni Janet dáhùn. Esther bojú sá wọ ilé rẹ̀.

Gbọ́láhàn ní kí àwọn ọkùnrin àdúgbò bá òun tú bẹ́ẹ̀dì irin yẹn sílẹ̀ kí ọkọ̀ lè gbé ìyókù. Wọ́n tú u. Ọkọ̀ gbéra, ó gba ọ̀nà Ìjerò lọ, àwọn ènìyàn sì dúró lójú ọ̀nà tí wọ́n ń bi Adédoyin ìgbà tí yóò tún dé.

Ọ̀dà àwọ̀ ewé ni Adédoyin fẹ́ fún yàrá náà. Janet ní rárá, àwọ̀ ọsàn ni. Àwọ̀ ọsàn ni wọ́n kùn ún. Nígbà tí wọ́n dé láti ṣọ́ọ̀ṣì ní Sunday tó tẹ̀ lé e, Janet lọ wo bí ó ṣe gbẹ sí. Fèrèsé wà ní ṣíṣí, atẹ́gùn oko ń wọlé. Ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tuntun àbúrò rẹ̀ láti fi dán an wò. Nígbà tí Adédoyin wá pè é pé iyán ti ṣe tán, ó ti sùn lọ fọnfọn, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Adédoyin bọ́ bàtà náà fún un, ó sì lọ da nǹkan bo iyán kó má baà tutù.