Bàbá Ẹ-jẹ́-n-jókòó-wò

Ilẹ̀ ni Bàbá fìdí lé nígbà tó rí iṣẹ́ fún ọmọ télọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá ń ròyìn rẹ̀.

Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ló ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama: èyí tí kò ríran, èyí tí kò gbọ́ràn, èyí tó ń fi ọ̀pá rìn. Bàbá sanra. Àga kan kì í jáde ní yàrá iṣẹ́ rẹ̀ kí Bàbá má kọ́kọ́ jókòó lé e. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ẹ-jẹ́-n-jókòó-wò. Bó bá lọ kí àwọn àna rẹ̀, ẹní ni wọ́n ń sáré tẹ́ fún un.

Ọmọ télọ̀ kò ríran. Ó ku díẹ̀ kó jáde ìwé, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù kankan tó gbà á. Bí kò bá rí iṣẹ́, ilé ni yóò padà sí, kó máa bá ìyá rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ gé òwú. Bàbá ru àga tí ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, àwọn méjèèjì lọ bá ọ̀gá kan tó ń kan àga tà.

Ọ̀gá bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n afọ́jú àti ayùn? Ẹ má kó bá mi."

Ọmọ télọ̀ ní, "Ẹ má bínú, sà. Ìka tèmi ṣì pé."

Ọ̀gá yára ti ọwọ́ oníka mẹ́ta tó fi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bọ àpò.

Bàbá ní, "Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ n jókòó." Ó jókòó lórí àga ọmọ télọ̀. Ọmọ náà tẹ́tí, kò gbọ́ nǹkan kan. Bàbá dìde, ó lọ jókòó lórí àga ńlá tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Igi ké, nǹkan sì balẹ̀ gbìì.

Ohùn Bàbá wá láti ilẹ̀, jẹ́jẹ́: "Ọ̀gá, ṣé ẹ ó gba ọmọ yìí ni, àbí kí n jókòó lórí èkejì?"

Ọ̀gá wo àwọn àga tó tò fún títà. Ó ní kó wá lọ́jọ́ Ajé.

Bàbá kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ bá àwọn tí kò gbọ́ràn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò lè ṣe é láìpariwo. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin tí kò gbọ́ràn rọra fi ọwọ́ sọ fún un pé: Bàbá, ẹ ṣe jẹ́jẹ́, àwọn yòókù ti ń di etí.

Bàbá ti lọ. Ọmọ télọ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí ní yàrá iṣẹ́ kan náà. Òun pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Bó bá jókòó lórí àga, àga kò mọ̀. Ló bá rọ iyanrìn kún àpò ńlá kan títí tó fi wúwo bí olóògbé. Bàbá ni wọ́n ń pe àpò náà. Bí ọmọ kan bá kan àga tán, wọ́n á gbé Bàbá lé e. Bí igi bá ké, ọmọ télọ̀ á ní, "Bàbá ní kò tíì tó." Ọmọ náà á gbé àga rẹ̀ padà, á máa kùn.

Bí iṣẹ́ bá parí, kì í jẹ́ kí wọ́n fi àpò náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Orí àga tí Bàbá rù lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n ń gbé e sí. Ọmọ télọ̀ á gbọn ìdọ̀tí pákó kúrò lára rẹ̀, á wá ọwọ́ ilẹ̀kùn kàn.

"Ó dàárọ̀ o, Bàbá."