Owó Ilẹ̀ Sìmẹ́ǹtì Yàrá Mi

Jìgá ló mú mi ronú kan ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì. Ní Igbó-Ọrà, nígbà tí àwọn ìbejì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, amọ̀ ni ilẹ̀ gbogbo yàrá agboolé wa. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé tí ilẹ̀ gbẹ tó ń yọ eruku, jìgá á máa wọ àwọn ọmọ lẹ́sẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló máa ń yọ ọ́. Á gbé ọmọ lé itan, á fi abẹ́rẹ́ tú awọ orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á fi kẹrosíìnì pa ojú rẹ̀, ọmọ á sì máa ké títí omi á fi bọ́ lójú èmi náà. Ó dé ibì kan tí èyí tó kẹ́yìn dé nínú wọn kò fẹ́ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ mọ́. Bí mo bá fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀, á ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, á dì mọ́ mi lọ́rùn.

Ìyá ọkọ mi kò gbà pé ilẹ̀ ló jẹ̀bi. Yàrá tí mo ń gbé, tirẹ̀ ni kí n tó wọlé ọkọ, òun ló sì máa ń rẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Á po ìgbẹ́ màlúù mọ́ amọ̀, á kúnlẹ̀, á fọwọ́ tẹ́ ẹ, á wá fi òkúta odò kan dán an títí ilẹ̀ á fi máa kọ mọ̀nà. Àwọn ìyàwó ilé máa ń wá wo ọwọ́ rẹ̀ kọ́ṣẹ́. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ da sìmẹ́ǹtì sí i, kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Ìyá Ìbejì, ilẹ̀ mi ti wá di ilẹ̀ jìgá nìyẹn." Ó dìde, ó jáde. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ ló wà níwájú mi.

Oko ọkọ mi wà lápá Igangan, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan la sì máa ń rí i. Mo sọ fún un lẹ́yìn ìrun. Ó ní bí mo bá rí ẹni tó lè ṣe é, òun á fi owó iṣu kún owó ẹ̀gúsí mi. Ẹ̀gúsí ni mo ń tà nígbà náà. Mò ń ra bàrà rẹ̀ ní Ayété, mò ń kó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta.

Bíríkìlà tí wọ́n júwe fún mi, ará Èrúwà ni, àgbàlagbà gíga kan tí sìmẹ́ǹtì ti wọ̀ mọ́ èékánná rẹ̀. Ó wọ yàrá, ó fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ káàkiri, ó fi okùn wọn gígùn àti ìbú rẹ̀, ó wá dá owó lé e. Pọ́n-ùn méje ni. A kò tíì máa ná náírà nígbà náà. N kò tíì lanu tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wa ọkọ̀ rí, ó ti gbé Èkó rí, kò sì sí ohun tí wọ́n ń tà láyé tí kò ní sọ iye tó yẹ kó jẹ́.

"Pọ́n-ùn méje? Fún ohun tí a fẹ́ máa fẹsẹ̀ tẹ̀?" Ó kọjú sí mi. "Ó fẹ́ rẹ́ ọ jẹ ni. Ó ti rí i pé ọkọ rẹ ò sí nílé."

Bíríkìlà ká okùn rẹ̀ jọ. Kò bínú. Ó ní, "Ẹ ti gbọ́ owó, ẹ ò tíì gbọ́ iṣẹ́." Ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé òun á bá mi wá ẹni tí yóò gba ìdajì. Mo dúró títí, n kò rí ẹnì kankan.

Láàárín ìgbà yẹn ni mo kó ẹ̀gúsí lọ sọ́jà Abẹ́òkúta. Obìnrin kan bu ẹ̀gúsí sọ́wọ́, ó bi mí ní iye, mo sọ fún un. Ó dà á padà sínú igbá. Ó ní, "Ẹ̀yin ará Ìbàràpá yìí, ẹ ò láàánú. Ṣebí ohun tó hù fúnra rẹ̀ lóko ni?" Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà nínú lọ́rì tí à ń bọ̀ nílé, ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí lára. Kò mọ̀ pé a máa ń fọ́ bàrà rẹ̀ ni, a ó jẹ́ kó rà, a ó fọ̀ ọ́ lódò pẹ̀lú òórùn tó ń bẹ lára rẹ̀, a ó sá a, a ó wá bó o ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí ìka á fi máa ta wá. Owó ló gbọ́, kò gbọ́ iṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rántí bíríkìlà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo wọkọ̀ Èrúwà.

Mo bá a níbi tó ti ń rẹ́ ògiri ilé kan.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. N kò wá dúnàá-dúrà o. Iṣẹ́ náà ni mo wá gbọ́."

Ó wò mí, ó sọ irin ìrẹ́lé sílẹ̀, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó sì là á sílẹ̀ fún mi. Sìmẹ́ǹtì ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà, torí pé ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń gbé e wá, ọlọ́kọ̀ á gba tirẹ̀, ẹni tó ń tà á á jèrè tirẹ̀. Àwọn tó ń wa yanrìn lódò á gbowó. Àwọn tó ń pọnmi á gbowó, torí pé ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi sì jìn. Òun fúnra rẹ̀ á fọ́ ilẹ̀ àtijọ́, á to òkúta sí i, á gún un kó le, kó tó da sìmẹ́ǹtì lé e. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ náà á sán kí ọdún tó yí po. Ohun tó máa wọ àpò tirẹ̀ kò ju pọ́n-ùn kan àbọ̀ lọ.

Mo rò ó díẹ̀. Mo ní, "Bí mo bá ra sìmẹ́ǹtì bọ̀ láti Abẹ́òkúta nínú ọkọ̀ tó ń gbé ẹ̀gúsí mi ńkọ́? Tí a wa yanrìn, tí a pọnmi fúnra wa?"

"Owó ọwọ́ mi nìkan lẹ máa san nígbà náà."

"Kò ní dùn yín?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Owó tí kò fẹ́ dúró lọ́wọ́ mi, kí ló kàn mí bó bá kù sọ́wọ́ yín? Ẹ ṣáà má bu yanrìn tó ní amọ̀ nínú. Ẹ fi ọwọ́ ra á. Bó bá lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ẹ dà á nù."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ìdájí, èmi àti àwọn ìyàwó ilé á gbé abọ́ irin àti garawa, a ó lọ sódò. À ń ṣẹ̀fẹ̀ lọ, à ń ṣẹ̀fẹ̀ bọ̀, òkìtì yanrìn sì ń ga sí i lẹ́yìnkùlé. Ìyá ọkọ mi kò bá wa lọ.

Ọjọ́ tí bíríkìlà wá fọ́ ilẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìyá ọkọ mi jókòó sí, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ. Nígbà tí ọkùnrin náà jáde wá mumi, ìyá bi í léèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, èló ni wọ́n ń fún yín lórí ilẹ̀ yìí?"

Ó sọ fún un.

"Ó dáa," ni ìyá wí. "Èmi ti ń rẹ́ ẹ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wọ agboolé yìí níyàwó. Ta ló san tèmi?"

N kò ro irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ èmi náà ti jẹ nínú iṣẹ́ yẹn. Bíríkìlà gbé ife kalẹ̀. Ó ní, "Màmá, mo rí iṣẹ́ yín. Apá ń ro mí báyìí torí pé kò fẹ́ fọ́. Òkúta tí ẹ fi ń dán an, ṣé ó ṣì wà? Ẹ bá mi mú un dání lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ da sìmẹ́ǹtì."

Mo rò pé ó kàn ń tù ú nínú ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, nígbà tó da sìmẹ́ǹtì tán, tó tẹ́ ẹ, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ díẹ̀, ó fi apá ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ fún ìyá. Ìyá kúnlẹ̀ sórí pákó, ó gbé òkúta lé e, ó ń yí ọwọ́ po bó ṣe máa ń ṣe é. Nígbà tó ṣe tán, ibi tirẹ̀ dán ju èyí tó kù lọ, bíríkìlà fúnra rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó.

Mo san owó fún un. Lójú mi níbẹ̀ ló yọ ṣílè díẹ̀ nínú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí ìyá ọkọ mi. "Owó ọwọ́ yín nìyí, Màmá."

Mo ti ń retí pé ìyá á kọ̀ ọ́. Kò kọ̀ ọ́. Ó wò ó dáadáa, ó dì í sí etí aṣọ rẹ̀. Ó ní, "A kì í kọ owó iṣẹ́." Láti ìgbà náà, bí àlejò bá yin ilẹ̀ yẹn, òun ló máa ń dáhùn ṣáájú mi.

Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, mo gbé ọmọ mi wọlé. Ó ká ẹsẹ̀ sókè bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan sìmẹ́ǹtì tó tutù. Ó wojú mi, ó tún fi ẹsẹ̀ kejì kàn án fúnra rẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, òun àti èkejì rẹ̀ ti ń lé ara wọn káàkiri yàrá.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò gbà títí tó fi dolóògbé pé wọn ò rẹ́ mi jẹ. Àmọ́ bí oòrùn bá mú, yàrá mi ló máa ń wá dùbúlẹ̀ sí lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Á gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé sìmẹ́ǹtì, á ní, "Ó tutù o. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀ jù."

N kò ní purọ́ pé gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà mo fẹ́ ṣe ilẹ̀kùn, mo sì ní kí káfíńtà kan là á yé mi bó ṣe dé orí owó tó pè. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun ni. Mo ní ó dàbọ̀. Iye tí káfíńtà kejì pè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye kan náà, ṣùgbọ́n ó mú mi lọ wo pákó, ó fi ìṣó hàn mí, ó sọ ibi tí yóò ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà. Mo san án láìdín kọ́bọ̀.

Àwọn ìyàwó ilé tó bá mi ru yanrìn náà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ilẹ̀ tiwọn. A ní kí a máa ṣe é bí àáró: lónìí a ru ti ẹni yìí, lọ́la a ru ti ẹlòmíràn, sìmẹ́ǹtì á sì máa bá ẹ̀gúsí mi bọ̀ láti Abẹ́òkúta. Bíríkìlà Èrúwà kò fi bẹ́ẹ̀ gbélé tirẹ̀ mọ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó tẹ̀ lé e. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, apá ọ̀tún agboolé wa ti tán pátá, àwọn obìnrin apá òsì sì ti ń bi wá léèrè ibi tí a ti ń rí yanrìn tí kò ní amọ̀.