Yìnyín Inú Fírísà Bàbá Arvid

Ààbọ̀ ọjọ́ ìbí ni mo wí, ẹ ò ṣì mí gbọ́. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín jàre. Oṣù kìíní, nínú òtútù tó ń mú kí omi imú dì, ni mo bí Tove ọmọ mi. Oṣù keje la wá ṣe ààbọ̀ ẹ̀ níta gbangba, nínú oòrùn, nígbà tó pé ọmọ ọdún márùn-ún ààbọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní ta ló fà á, Bàbá Arvid ni, bàbá Nels ọkọ mi.

Ẹ jẹ́ n sọ irú èèyàn tí Bàbá jẹ́ fún yín. Láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn ni wọ́n ti ń wa katakata tó ń kó yìnyín kúrò lójú títì nílùú wa, lápá òkè ìpínlẹ̀ Minesota ní Amẹ́ríkà níbí. Tí yìnyín bá ti ń bọ́, ẹ máa wá Bàbá nílé tì. Ọ̀rọ̀ ò sì pọ̀ lẹ́nu wọn. Tí inú wọn bá dùn dé góńgó, wọ́n á ní, "Kò burú." Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, tí gbogbo èèyàn ń sunkún ayọ̀, "Kò burú" náà ni Bàbá wí.

Àwọn ló la ọ̀nà fún wa lọ́jọ́ tí mo fẹ́ bí Tove. Katakata wà níwájú, mọ́tò wa tẹ̀ lé e. Ẹ gbọ́ o, mo ń rọbí lọ́wọ́, mo ń gbá ilẹ̀kùn mọ́tò gbì-gbì, ni katakata bá dúró! Bàbá yà sápá ọ̀tún, wọ́n lọ ń kó yìnyín ẹnu ọ̀nà Màmá Ardis, aládùúgbò wa.

"Nels! Kí ni bàbá ẹ ń ṣe?"

"Wọ́n ní kò dáa kéèyàn kọjá ẹnu ọ̀nà ẹni láì kó o."

"Ọmọ ti ń yọrí o!"

"Fara dà á, wọ́n ti kó tọ̀tún tán. Ó ku tòsì."

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ ìbí Tove ni yìnyín ń bọ́. Bàbá á la ọ̀nà káwọn èèyàn lè ráyè wá sílé wa. Gbogbo wọn á wá, Bàbá nìkan ni ò ní dé títí wọ́n á fi lọ. A máa ń bu kéèkì wọn sílẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ̀ wá níbí, kò sẹ́ni tó jẹ́ mú ẹyọ tó kù gbẹ̀yìn, ojú á tì í. Ààbọ̀ ẹ̀ ló máa gé. Ẹlòmíì á tún gé ààbọ̀ ààbọ̀ yẹn. Kí Bàbá tó dé, ohun tó kù nínú àwo ò tó èèrà jẹ.

"Kò burú," Bàbá á wí.

Lọ́dún yìí ni Tove wo àwo yẹn títí, ó ní, "Màámi, ṣé Bàbá Àgbà ò fẹ́ràn mi ni?" Àṣé Bàbá wà lẹ́nu ilẹ̀kùn níbi tí wọ́n ti ń bọ́ bàtà. Wọn ò wí "Kò burú" lọ́jọ́ náà.

Màmá Ardis, tó ti ṣe tíṣà rí, ló dá a lábàá pé ká ṣe ààbọ̀ ọjọ́ ìbí nígbà oòrùn, nígbà tí katakata bá ń sinmi. Bàbá gbà. Tove ló ní, "Ọjọ́ ìbí tèmi, yìnyín máa ń wà ńbẹ̀ ni o. Èyí tí ò ní yìnyín, irọ́ ni." Mo rẹ́rìn-ín, mo gbàgbé. Bàbá ò gbàgbé.

Lóṣù kẹta mo lọ mú ẹran àgbọ̀nrín nínú fírísà ńlá wọn. Mo ṣí i, yìnyín ló kún un dẹ́nu.

"Bàbá, ẹran dà?"

"Mo ti pín in."

"Fún ta?"

"Fáráàlú."

"Kí wá lèyí?"

"Yìnyín ni."

Bí ẹni pé mi ò lójú!

Ọjọ́ pé. Oòrùn ń ràn bí ẹni tó wá gbẹ̀san. Ẹ̀fọn lé gbogbo wa wọnú àgọ́ tá a fi nẹ́ẹ̀tì yí ká. Torí pé "ààbọ̀" làwọn àlejò gbọ́, ààbọ̀ ni kálukú gbé wá. Màmá Ardis gbé ààbọ̀ àwo ọ̀dùnkún alẹ́ran dé, wọ́n ti jẹ ààbọ̀ yòókù nílé kó má baà pọ̀ jù. A kọrin dé àárín, a dákẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ká pàtẹ́wọ́ àbí ká má pa á. Màmá Ardis fọwọ́ kan gbá tábìlì.

Ibi tá a ti ń wojú ara wa ni Bàbá ti ti wíìbárò dé. Wọ́n dojú ẹ̀ dé sórí koríko: yìnyín! Nínú oṣù keje! Ó funfun nini, egungun àgbọ̀nrín kan há sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

A hó yèè. Tove wo yìnyín, ó wo Bàbá, ó bú sẹ́kún. "Yìnyín ti dé! Bàbá Àgbà tún máa lọ síbi iṣẹ́!"

Bàbá ṣí fìlà, wọ́n tún un dé.

"Òótọ́ ni," wọ́n wí. Wọ́n yí padà, wọ́n ń lọ.

"Bàámi! Ẹ̀ ń lọ síbo?" Nels pariwo.

"Arvid!" Màmá Ardis dìde. "Tó o bá lọ lónìí, màá jẹ kéèkì ẹ, mi ò sì ní gé e sí méjì!"

Ẹ̀rù bà wá. Kò sẹ́ni tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí.

A kàn gbọ́ gbùrù-gbùrù lẹ́yìnkùlé ni. Katakata kékeré ilé ló ń bọ̀, iná ń ṣẹ́jú lórí ẹ̀. Bàbá ti wọ ẹ̀wù òtútù, ìbọ̀wọ́, fìlà onírun, òógùn ń ṣàn bí omi. "Ẹ yà lọ́nà!" Wọ́n ti òkìtì yìnyín yẹn dé etí adágún tó wà nítòsí ilé, wọ́n ti àga Nels mọ́ ọn. Wọ́n padà wá kó èyí tó kù, tí ò kún ṣíbí. Wọ́n tún yà wá kó ẹnu ọ̀nà àgọ́, koríko lásán ló wà ńbẹ̀.

"O ṣeun o, Arvid," Màmá Ardis wí. Ó ti mọ́ wọn lẹ́nu.

Bàbá paná ẹ́ńjìnnì. "Tove, ọ̀nà ti là. Iṣẹ́ ti tán."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Síbẹ̀ wọn ò sọ̀ kalẹ̀. Ojú ọ̀run ni wọ́n ń wò, bí wọ́n ṣe máa ń wò ó nígbà òtútù, bóyá òmíì ń bọ̀. Tove nu imú, ó fọwọ́ ara ẹ̀ bu kéèkì gàdàgbà sínú àwo, ó fọwọ́ bò ó kẹ́nikẹ́ni má gé e, ó wá yọrí síta nínú nẹ́ẹ̀tì.

"Bàbá Àgbà! Yìnyín ti dá o! Ẹ bọ́ ẹ̀wù yẹn, ẹ wọlé wá jẹun!"