Alága Tó Ti Pápá Mọ́ Wa

Mi ò lè gbàgbé ikọ́ alága àdúgbò wa ní Òṣogbo. Ó máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó fìyà jẹ èèyàn. Bó ṣe wúkọ́ náà nìyẹn lọ́jọ́ tó ti géètì pápá onígi tí ìyá mi ti ń rìn láràárọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, dókítà ló ní kí n máa rìn."

"Màmá, ẹ máa rìn nínú yàrá yín. Ọkọ̀ la fẹ́ máa gbé síbí."

Ó gé gbogbo igi náà. Ìyá mi bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àmọ́ ọ̀kadà lé e wọ gọ́tà, kò sì jáde rìn mọ́. Kò pẹ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi dá a dùbúlẹ̀.

Alága gbé ọsàn wá kí i. Ó ní, "Àmúwá Ọlọ́run ni."

Mo ní, "Rárá o, àmúwá yín ni. Ẹ gbé ọsàn yín, kẹ́ ẹ máa lọ."