Okùn Gìtá Tó Kù Ẹyọ Kan

Ìwọ̀ ni mo fi ń pẹja láti kékeré, òun ló sì fẹ́ dójú tì mí nídìí gìtá. Bí ẹja bá ti tọ́ ìwọ̀ wò, fà á! Ẹni tó bá ń ṣe pẹ̀lẹ́, ẹja á jẹ ìjẹ rẹ̀ lọ. Nítorí náà, nígbà tí tíṣà, ará òkè tí kò dàgbà sórí omi bíi tiwa, tó ń kọ́ wa ní gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní kí n ta okùn lẹ́ẹ̀kan péré, kí n fi ìka òsì tẹ ohùn kejì, kí n sì yọ ìka náà kí ohùn kẹta lè jáde láìjẹ́ pé mo tún un ta, mo yọ ìka lóòótọ́, àmọ́ bí ẹni ń fa ìwọ̀ ni. Pàù! Okùn já.

Tíṣà fi òmíràn sí i. Mo tún já a.

"Ṣé o ń bá gìtá yìí jà ni?"

Ẹ̀rín pa àwọn akọrin. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú ń bí mi. Ìjà ìlú sí ìlú wà lójú omi nígbà náà, kò sí ọkọ̀ tó ń lọ sí Igbókọ̀dà níbi tí a ti lè ra okùn. Ẹyọ kan ló kù lọ́wọ́ tíṣà, ìkórè sì ku ọjọ́ mẹ́ta. Bí èyí bá já, kò sí gìtá lọ́jọ́ ìkórè, bẹ́ẹ̀ mo ti fọ́nnu kárí àdúgbò.

Mo délé, mo rojọ́ fún Iye mi, ìyá tó bí mi. Ó jókòó sórí pákó iwájú ilé, ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Láti ìgbà tí ìjà ti dé, àwọ̀n yẹn kò kan omi. Eku nìkan ló ń bá a lò ó.

"Ọma mi, mú ìka rẹ wá." Ó ki ìka mi bọ ojú àwọ̀n. "Ìwọ lẹja. Ó yá, fà á."

Mo fà á. Àwọ̀n fún mọ́ mi níka, ó fẹ́ ya.

"Àwọ̀n kì í ṣe ìwọ̀." Ó tẹ okùn ojú àwọ̀n náà díẹ̀, ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìka mi bọ́ wẹ́rẹ́.

Mo sáré padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà fi okùn tó kù sí i. Mo ta á, mo tẹ̀ ẹ́, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo yọ ìka. Ohùn mẹ́ta tẹ̀ léra, wọ́n ń ṣàn. Tíṣà pariwo "Halelúyà!" bí ẹni tó rí owó he.

Lọ́jọ́ ìkórè, okùn kò já. Gbogbo ìjọ dìde jó, àfi Iye mi. Ó jókòó, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ mi, ìka tirẹ̀ náà ń rìn lórí ìró tó ró sídìí: ó tẹ̀, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yọ. Ẹja ló ń yọ kúrò lójú àwọ̀n.