Iyán Tí A Fi Wọn Àlàfo Ọ́ìlì

Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi, n kò sì gbọ́ ọ lọ́jà. Ẹni tó bá ní bíréèkì ló já kò sí níbẹ̀. Èmi wà lórí ẹrù.

Ìwé kejì ni mo kà dé, ṣùgbọ́n nígbà tí bọ̀lẹ́kájà ṣì ṣọ̀wọ́n ní Adó, kò sí ẹni tó lè tú ẹ́ńjìnì kó sì tò ó padà bíi tèmi. Àwọn awakọ̀ láti Ìyìn títí dé Ìjan mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ta oko kòkó tó jogún, ó fi ra bọ̀lẹ́kájà kan. Òkúta ọ̀nà Ìjan ń gbá abọ́ ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì rẹ̀ títí abọ́ náà fi là. Ó gbé e fún alágbẹ̀dẹ pé kó lù ú wọlé, kó má jìn mọ́, kí òkúta má baà tún bá a. Alágbẹ̀dẹ lù ú, ó fi òjé dí i. Iṣẹ́ náà mọ́.

Àmọ́ páìpù kan wà tó kọ ẹnu sílẹ̀ sínú abọ́ yẹn, òun ló ń fa ọ́ìlì sókè. Bí abọ́ kò bá jìn mọ́, ẹnu páìpù lè lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, kò sì ní rí nǹkan fà. Èmi máa ń fi amọ̀ tútù sí ìdí abọ́, màá dè é mọ́ ẹ́ńjìnì, màá tún tú u. Bí amọ̀ tó kù lábẹ́ ẹnu páìpù bá ṣe nípọn tó, bẹ́ẹ̀ ni àlàfo ṣe tó; ó gbọ́dọ̀ nípọn tó ìka kan.

Lọ́jọ́ náà amọ̀ mi ti gbẹ. Mo fẹ́ lọ bu òmíràn lọ́dọ̀ àwọn amọ̀kòkò. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà. Àwọn ará Ìjan ti kó iṣu sẹ́bàá ọ̀nà, ọlọ́kọ̀ mìíràn sì ń wá bí yóò ṣe gba ẹrù náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iyán dé ni.

“Ọkọ mi, ẹ wá jẹun,” ló wí fún mi, bí ìyàwó ṣe ń pe àbúrò ọkọ.

Ẹ̀gbọ́n mi bu òkèlè, ó fi lé ìdí abọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, iyán máa ń fà,” ni mo wí. “Ẹ jẹ́ kí n lọ bu amọ̀.”

“Ṣé amọ̀ ni wọ́n fi wò ọ́ dàgbà ni? Uyán tí ìyàwó mi gún le ju amọ̀ lọ.”

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Ẹ jẹ́ kó fi ṣe é. Ó kéré tán, ọkọ̀ náà á yó.”

A dè é, a tú u. Iyán ti lẹ̀ mọ́ ẹnu páìpù. Bí abọ́ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń fa iyán gùn, ó wá dúró ṣonṣo.

“Ó ju ìka kan lọ,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

“Irọ́ ni iyán yẹn ń pa.”

“Ta ló ni ọkọ̀?”

Ó nu iyán kúrò, a dè é padà, ó da ọ́ìlì sí i, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bá òfìfo ọkọ̀ náà dé Ìjan. A di iṣu kún ọkọ̀. Èmi àti ìyàwó rẹ̀ jókòó lórí ẹrù. Ní òkè gíga kan nígbà tí a ń padà bọ̀, ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í ró bí ọmọ odó nínú odó òfìfo. Mo lu òrùlé ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yọ orí síta.

“Òkè yìí ló kù,” ló wí.

Ẹ́ńjìnì gan. Ọkọ̀ ń yí padà sẹ́yìn, ẹrù pọ̀ ju ohun tí bíréèkì lè dì mú lọ. Mo fò, mo na ọwọ́ sí ìyàwó wa. “Ọkọ mi” ló ń wí nígbà tí ọkọ̀ dojú dé.

Èmi náà ni mo tú abọ́ yẹn lẹ́yìn ìsìnkú. Àpá ẹnu páìpù wà lórí òjé, ó yí roboto bí òrùka.

Ohun tó lọ nìyí: ìyàwó wa, ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ kan, oko kòkó kan, àti gbogbo iṣu àwọn ará Ìjan.